Bí Ilé Ìwòsàn Ọmọdé Kan Nílùú Àkúrẹ́ Ṣe Ń Wádìí Ara Gbígbóná Ọmọ Tuntun

Bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan bá gbóná nílùú Àkúrẹ́, ilé ìwòsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà lára àwọn ibi tí mo lè gbé e lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí ni a gbé lọ síbẹ̀, mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀ títí wọ́n fi ní kí a máa lọ sílé, mo sì fi ojú iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ilé ìwòsàn aládàáni ni, kò tóbi, àwọn ọmọdé nìkan ni wọ́n sì ń tọ́jú. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé mo ní àròyé díẹ̀ nípa wọn, mo sì ti sọ ọ́ fún ọ̀gá wọn lójúkojú. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí òbí mọ ohun tó yẹ kó máa wò àti ohun tó yẹ kó máa béèrè níbikíbi tó bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí ilé ìwòsàn ń gbà wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń mọ èyí tó dára yàtọ̀: kí ló ń mú ara ìkókó yìí gbóná? Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fà á. Àmọ́ nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 28 tí ara wọn gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá máa ń jẹ́ ẹni tí bakitéríà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí nínú omi tó yí ọpọlọ rẹ̀ ká, kò sì sí dókítà tó lè fi ojú lásán mọ ọmọ náà láàárín àwọn yòókù. Ìkókó kì í sọ ibi tó ń dun òun, ọrùn rẹ̀ kì í sì í sábà le bíi ti àgbà tí àrùn bá mú awọ tó bo ọpọlọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ìyá rẹ̀ yóò rí kò ju pé kò mu ọmú dáadáa mọ́, tàbí pé oorun rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tó bá sọ pé fáírọ́ọ̀sì lásán ni láìtíì yẹ ohunkóhun wò ti fi ẹ̀mí ọmọ ta tẹ́tẹ́, èyí tó bá sì ń pe gbogbo ara gbígbóná ní ibà àti taifọ́ọ̀dù kò sàn jù ú lọ.

Ara ọmọ ọmọ mi le títí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ náà ni ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tí egbò kéékèèké sì yọ sí i lẹ́nu. Kò pẹ́ sí i tí ìkókó náà fi ń ju ọmú sílẹ̀ láìmu ún yó, nígbà tí a sì ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́ lábíyá, ó ti kọjá 38.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò kọ́kọ́ béèrè káàdì tàbí owó. Ọjọ́ orí ọmọ ló béèrè, bí ó sì ti gbọ́ pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì ló ti mú wa kọjá lára àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú wa, tó ń bẹ̀ wọ́n bí ó ti ń lọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìkókó ni." Ó bọ́ fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà kúrò lára ọmọ, nítorí pé aṣọ tí a fi di ọmọ pinpin nínú ooru Àkúrẹ́ lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n kò tìtorí ìyẹn dá wa dúró. Bí ó ti ń retí kí ara ọmọ fẹ́rẹ̀ kí ó lè tún un wọ̀n, ó fi ìṣẹ́jú kan gbáko ka bí ó ti ń mí, ó rọra fi ọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó sì gún un ní gìgísẹ̀ láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó tún ara rẹ̀ wọ̀n, ooru náà kò lọ sílẹ̀. Ó wá kọjú sí ọmọ mi, ó ní, "Ìyá ìkókó, ẹ kú ìdààmú. Ẹ má tíì fún un ní oògùn kankan, títí kan paracetamol. Ọmú nìkan ni kí ẹ máa fún un bí ó bá gbà á." Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi paracetamol mú kí ara ìkókó tutù, tí wọ́n sì ní kí ìyá rẹ̀ máa gbé e lọ sílé láìyẹ ohunkóhun wò, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn wú mi lórí gan-an. Wọ́n tún kọ nọ́ńbà méjì gàdàgbà sára ògiri yàrá náà, 38 àti 35.5, nítorí pé ìkókó tí ìwọ̀n ìgbóná ara rẹ̀ kò tó 35.5 náà wà nínú ewu bíi ti èyí tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ èyí.

Dókítà tó gbà wá fi sùúrù béèrè ọ̀rọ̀ ju bí mo ti retí lọ. Ó béèrè ìgbà tí omi ara já kí ọmọ tó wáyé, bóyá ara ìyá gbóná lákòókò ìrọbí, èsì àyẹ̀wò HIV àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ tí ó ṣe nígbà oyún, bóyá a ti fún ọmọ ní àgbo, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nínú ilé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jáde, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè bóyá eku ń wọlé wa, àti bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé ti ní ibà tí kò gbóògùn, nítorí pé ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń yọjú jù lọ ní Nàìjíríà, débi pé Federal Medical Centre tó wà nílùú Ọ̀wọ̀ ti di ibi tí a mọ̀ mọ ìtọ́jú rẹ̀. Àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969 nílùú Lassa ní Borno yìí sì lè ti ara ìyá ran ọmọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin àti bàbá ọmọ bá wa jáde díẹ̀." Ọmọ mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó béèrè bóyá òun ti ní egbò tàbí ròrò lójú ara rí, ó sì fi dá òun lójú pé ọ̀pọ̀ ìyá tí ọmọ wọn kó fáírọ́ọ̀sì herpes nígbà ìbímọ ni kò rí àmì kankan rí lára wọn. Irú ìbéèrè yìí kì í rí ìdáhùn òótọ́ lójú ìyá àti lójú ọkọ. Mo bu ọlá fún dókítà náà nítorí pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí abẹ́rẹ́ oògùn àkọ́kọ́ tó wọ ara ọmọ, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ìyẹn omi kan náà tó yí ọpọlọ ká. Bí antibáyọ́tíìkì bá ti ṣáájú, bakitéríà lè má hù mọ́ nínú ìgò láàbù, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ bóyá ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí kò sí. Rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n fi fa ìtọ̀ láti inú àpò ìtọ̀. Wọn kò lẹ ike mọ́ ojú ara ọmọ kí wọ́n máa retí ìgbà tí yóò tọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí pé kòkòrò orí awọ ara máa ń kó wọ inú irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀, tí yóò sì mú kí ó dà bíi pé àrùn wà níbi tí kò sí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn pẹ̀lú, èyí sì tọ́ nílẹ̀ wa, nítorí pé ìyá lè kó o ran ọmọ inú. Àmọ́ wọn kò ṣe àyẹ̀wò Widal fún taifọ́ọ̀dù, ìdí tí wọn kò fi ṣe é sì kan ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì gbọ̀ngbọ̀n.

Àyẹ̀wò Widal ti wà láti ọdún 1896, ó sì ti wọ́pọ̀ láàárín wa débi pé ẹni tí wọn kò bá ṣe é fún yóò rò pé wọn kò tọ́jú òun dáadáa. Kì í ṣe kòkòrò gan-an ló ń wá, bí kò ṣe àwọn èròjà tí ara ń pèsè láti bá kòkòrò jà. Nínú ẹ̀jẹ̀ ìkókó, ti ìyá rẹ̀ ló kún ibẹ̀, torí pé wọ́n ti gba inú ibi ọmọ kọjá sí i lára kí a tó bí i. Ìtàn ara ìyá ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yóò máa sọ. Bákan náà ni fún fáírọ́ọ̀sì: ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní HIV lè gbé àwọn èròjà ìyá náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí di oṣù 18 láìjẹ́ pé ó kó fáírọ́ọ̀sì náà rárá, ìdí nìyí tí a fi ń fi PCR ṣe àyẹ̀wò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí Kary Mullis ronú kàn lọ́dún 1983, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá nítorí rẹ̀ lọ́dún 1993, ni PCR. Ó ń wá èròjà àbùdá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ó sì ń sọ ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá rí di púpọ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ti rí fáírọ́ọ̀sì lára ìkókó yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì gan-an ló rí tàbí èròjà tí ìyá fi bá a jà.

Gbígba omi ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa ń dẹ́rù ba àwọn òbí jù, ọkọ ọmọ mi sì kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé ó ń sọ ọmọ di arọ. Dókítà kò bínú, kò sì fi ọ̀rọ̀ ikú halẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó ṣàlàyé pé okùn tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ ti parí sókè ibi tí abẹ́rẹ́ yóò wọ̀, pé ẹ̀kán omi díẹ̀ ni wọn yóò gbà, ara ọmọ yóò sì pèsè òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó pẹ́, ó sì dákẹ́. Nígbà tí bàbá ọmọ gbà, nọ́ọ̀sì kan fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ lórí tábìlì, ó ká a jọ bí ó ti wà nínú oyún, ọwọ́ kan ní èjìká, ọwọ́ kejì ní ìdí, ojú rẹ̀ kò sì kúrò ní àyà ọmọ láti rí i pé ó ń mí geere. Omi náà ń kán tó, tó, sínú àwọn ìgò kéékèèké, ó sì mọ́ gaara. Dókítà ní kí a má tíì yọ̀: omi tó mọ́ lójú lè gbé fáírọ́ọ̀sì, àní bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní parechovirus, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà lè má pọ̀ sí i nínú rẹ̀ rárá, kí omi náà sì jọ ti ọmọ tí ara rẹ̀ le. Wọ́n gbé ìgò kan lọ sí láàbù inú ilé lójú ẹsẹ̀ láti ka sẹ́ẹ̀lì, láti wo ṣúgà àti láti wá bakitéríà, wọ́n sì fi òmíràn pamọ́ sínú fìríìjì fún PCR.

Ampicillin àti gentamicin, antibáyọ́tíìkì méjì, ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọn kò sáré mú ceftriaxone, tí kò yẹ fún ìkókó tí ojú àti ara rẹ̀ bá pọ́n (jaundice) tàbí tí wọ́n ń fa kálísíọ́ọ̀mù sí lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wà lọ́wọ́ gbogbo ilé oògùn. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dé, tó sì ga díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, wọ́n fi acyclovir, oògùn tó ń bá herpes jà, kún un, ìpinnu yìí ni mo sì gbóríyìn fún jù. Nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ara ìkókó gbóná, herpes ni èyí tó léwu jù tó sì ní oògùn tó ń gba ẹ̀mí là bí a bá tètè lò ó; bí a bá dúró de èsì, ó lè ti ba ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ròrò olómi lára, gìrì, ara tó rọ jọwọrọ, ẹ̀dọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ déédéé, àmì rẹ̀ ni gbogbo wọn, ara ọmọ tó ní in sì lè má gbóná rárá. Ìwọ̀n acyclovir náà jẹ́ mílígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan pẹ̀lú omi tó tó, kí ó má bàa pa kíndìnrín lára. Wọ́n fi òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ nu ojú, ẹnu, imú àti ìdí ọmọ náà, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ kún un, kí wọ́n lè wá herpes ní gbogbo ibi tó lè fara pamọ́ sí. Nígbà tí bàbá ọmọ béèrè bóyá kí wọ́n tún fi PCR wá gbogbo fáírọ́ọ̀sì inú imú, dókítà ní ọmọ náà kò wú ikọ́, kò sì mí fàì-fàì. Fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn lè wà ní imú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹ́ pé òun ló fa àìsàn tòní, owó náà yóò sì ṣòfò. Ó yàtọ̀ bí ọmọ bá ń wú ikọ́ tàbí tí èémí rẹ̀ ń dá dúró, nítorí pé RSV, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń kọlu ẹ̀dọ̀fóró, lè mú kí ìkókó dákẹ́ láìmí.

Wàyí o, mo dé orí àròyé mi. Wọ́n kọ acyclovir, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ wọn. Ọkọ ọmọ mi ni ó ń káàkiri láti ilé oògùn kan sí òmíràn lóru, láti Alágbàká dé ìhà Ọjà Ọba, kí ó tó rí èyí tí a ń fà sí iṣan, nítorí pé oníhóró àti èyí tí a ń fi pa ara ló kún inú ìlú. Ilé ìwòsàn tó mọ̀ pé oògùn yìí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kò yẹ kí ó sọ wíwá rẹ̀ di iṣẹ́ òbí. Èkejì ni ti PCR. Ìlú mìíràn ni wọ́n ń fi omi ọ̀pá ẹ̀yìn náà ránṣẹ́ sí, wọn kò sì sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé a óò san owó rẹ̀ pé kí mọ́tò tó gbé e, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó pè wá nígbà tí èsì jáde. Àwa la pè. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá yìí náà, ní Yunifásítì Redeemer's nílùú Ẹdẹ, ni wọ́n ti ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì COVID-19 lọ́dún 2020, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà, ẹ̀rọ PCR sì dé ọ̀pọ̀ ìlú lákòókò àrùn náà. Ìmọ̀ wà nítòsí. Ètò tó yẹ kó so ilé ìwòsàn kékeré pọ̀ mọ́ ìmọ̀ náà ló kù.

Bí èsì PCR náà ṣe pẹ́ kò ṣàì ná wa ní nǹkan. Lẹ́yìn wákàtí 48 tí bakitéríà kankan kò hù nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ìtọ̀ àti nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n dá antibáyọ́tíìkì dúró, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ibi ni yóò máa fún ọmọ lábẹ́rẹ́ lọ títí oògùn yóò fi tán. Ṣùgbọ́n acyclovir kò ṣeé dá dúró títí èsì herpes yóò fi dé. Ọmọ tó ti ń mu ọmú yó, tí ara rẹ̀ ti tutù, wà lórí ibùsùn tí wọ́n ń fa omi sí i lára, ìyá rẹ̀ sì ń sùn lórí àga. Nígbà tí èsì dé, kò sí herpes níbìkan. Enterovirus ni wọ́n rí nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdílé fáírọ́ọ̀sì kan náà tó máa ń yọ egbò sí ẹnu àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Kò ní oògùn tirẹ̀. Dókítà kò tìtorí èyí sọ pé kò ṣe nǹkan: ó tún yẹ ẹ̀dọ̀ ọmọ wò, ó fara balẹ̀ gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, nítorí pé enterovirus lè kọlu ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ìkókó tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ó sì fún wa ní ọjọ́ tí a óò padà wá kí wọ́n wo bí ó ti ń gbọ́ràn. Ó kọ́ ọmọ mi pé fífọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tí a bá nu ìdí ọmọ ṣe pàtàkì, torí pé fáírọ́ọ̀sì náà yóò ṣì máa bá ìgbẹ́ jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Owó wọn kò kéré, àmọ́ wọ́n kọ iye àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan sára pátákó, àyàfi ti PCR tí mo ti sọ, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ kan lórí ohun tí wọn kò ṣe. Ọ̀gá wọn ṣèlérí fún mi pé acyclovir tó ń lọ sí iṣan yóò máa wà nínú àpótí oògùn wọn. Títí ìyẹn yóò fi rí bẹ́ẹ̀, kí òbí tó bá ń gbé ìkókó lọ síbẹ̀ lóru mú ẹni tó lè sáré ra oògùn dání, kí ó gba nọ́ńbà fóònù láàbù tó ń ṣe PCR lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti gba omi náà, kí ó sì kọ aago tí ọmọ mu ọmú gbẹ̀yìn àti ìwọ̀n ìgbóná ara rẹ̀ sí ìwé kí ó tó jáde nílé, nítorí pé nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà yóò béèrè méjèèjì kí ó tó béèrè orúkọ.